Bí mo ṣe pààrọ̀ ELT inú bàálù kékeré mi

ELT ni ẹ̀rọ tó ń ké gbàjarè nígbà tí bàálù bá já. Èyí tí mo bá nínú bàálù ẹlẹ́ni-mẹ́rin mi, ìgbì rédíò 121.5 MHz nìkan ló ń lò, bẹ́ẹ̀ sì ni láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2009 ni sátẹ́láìtì Cospas-Sarsat, ìyẹn ètò àgbáyé tó ń gbọ́ igbe ìrànlọ́wọ́ láti òfuurufú, ti dẹ́kun gbígbọ́ ìró yẹn. Bí mo bá já sínú igbó, àfi kí bàálù mìíràn ṣe kòńgẹ́ ìró mi. Ọkàn mi kò gbà á.

Ẹ ra èyí tó ń lo 406 MHz, tí sátẹ́láìtì ṣì ń gbọ́. Ẹ má fi áńtẹ́nà àtijọ́ sí i. Èmi àti mẹkáníìkì tó ní ìwé àṣẹ la jọ ṣe tèmi. Wáyà áńtẹ́nà ló gba sùúrù jù: bó bá já nígbà ìjàǹbá, ẹ̀rọ á máa ké, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Torí náà, ẹ jẹ́ kó kúrú, kí áńtẹ́nà sún mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ de ẹ̀rọ mọ́ irin tó le, kì í ṣe mọ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọfà tí wọ́n yà sára ELT náà gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí imú bàálù kọjú sí. Bí GPS, ẹ̀rọ tó ń mọ ibi tí bàálù wà, bá wà nínú bàálù, ẹ so ó mọ́ ELT náà.

Kí ẹ tó fò, ẹ forúkọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ELT náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, pẹ̀lú fóònù ẹni tó mọ ìrìnàjò yín. Ìyàwó mi ni mo fi sí tèmi.