Bí ẹ ṣe lè dá igi Jóṣúà méjèèjì mọ̀ ní aṣálẹ̀ Mojave

Télọ̀ ni mí, Las Vegas ni mo ń gbé, téèpù kì í sì í kúrò lọ́rùn mi. Téèpù yẹn náà ni mo máa ń mú lọ sí aṣálẹ̀ ní oṣù kẹta, nígbà tí igi Jóṣúà, igi aṣálẹ̀ tí ewé rẹ̀ rí ṣóńṣó, bá ń tanná. Àwọn èèyàn wa tó ń wa ọkọ̀ láti ibí lọ sí Los Angeles máa ń rí igi náà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á ní ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí pé a ń kọjá lára Táyé àti Kẹ́hìndé láìmọ èwo ni èwo. Irú méjì ni wọ́n: ti ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn. Lójú ọ̀nà yẹn, lókè Mountain Pass, ti ìlà-oòrùn ni ẹ ń wò. Kí ẹ tó dé ìlú Victorville níwájú, ti ìwọ̀-oòrùn ti gba ilẹ̀.

Wee Thump, igbó igi Jóṣúà kan nítòsí ìlú Searchlight ní Nevada, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ti ìlà-oòrùn ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú yín kọ́kọ́ mọ ọ̀kan dáadáa. Ẹ fi téèpù wọn igi láti ilẹ̀ títí dé ibi tó ti kọ́kọ́ ya ẹ̀ka. Ti ìlà-oòrùn tètè máa ń yà. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Ti ìwọ̀-oòrùn á kọ́kọ́ nà ròó bí òpó kó tó ya. Ẹ wọn ewé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ṣóńṣó rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́ maṣínì. Ti ìlà-oòrùn kì í sábà ju íǹṣì 9 lọ. Ti ìwọ̀-oòrùn lè gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ, igi kan ṣoṣo ni mo wọ̀n. Ẹ̀ka rẹ̀ wà lókè, ni mo bá sọ fún àbúrò mi pé ti ìwọ̀-oòrùn ló ṣìnà débẹ̀. Àṣìṣe ni. Igi yẹn kàn yàtọ̀ sí àwọn ẹbí rẹ̀ ni. A kì í wọn ẹnìkan ká fi ránṣọ fún gbogbo agboolé! Igi bíi 20 ni kí ẹ wọ̀n níbi kọ̀ọ̀kan, kékeré àti ńlá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ti ìwọ̀-oòrùn pàápàá kò rí bákan náà níbi gbogbo: lápá òkè Tehachapi ní California, àwọn kan ń ta ọmọ láti abẹ́ ilẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á di igbó kan.

Òdòdó ni ẹ̀rí tó dá mi lójú jù. Ẹ má já a lórí igi. Ẹ ṣa èyí tó ti jábọ́. Ti ìwọ̀-oòrùn rí roboto, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi bọ́ọ̀lù kékeré. Ti ìlà-oòrùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí agogo. Ẹ fi abẹ là á lóòró. Ẹ ó rí ibi tí èso ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọrùn tóóró lórí rẹ̀. Ọrùn yẹn gùn nínú ti ìwọ̀-oòrùn, ó kúrú nínú ti ìlà-oòrùn. Inú ọrùn yẹn ni ìyá àfòpiná ń ti ohun tó fi ń yé ẹyin bọ̀. Á kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó sábẹ́ ẹnu, á yé ẹyin tán, á wá fi lẹ́búlẹ́bú náà ra orí ọrùn òdòdó kí èso lè so, kí ọmọ rẹ̀ lè rí irúgbìn díẹ̀ jẹ. Àfòpiná ìwọ̀-oòrùn tóbi, ohun tó fi ń yé ẹyin sì gùn; ti ìlà-oòrùn kéré, tirẹ̀ kúrú. Ọdún 2003 ni wọ́n tó fún àfòpiná méjèèjì lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Tí ojú yín bá ti mọ méjèèjì, ẹ lọ sí àfonífojì Tikaboo. Ẹ bu epo kún táǹkì, ẹ gbé omi dání, kí ẹ gba ọ̀nà US 93 lọ sókè kọjá Alamo, kí ẹ wá yà sí ọ̀nà 375. Níbẹ̀ ni irú méjèèjì ti pàdé, tí àfòpiná méjèèjì sì ń fò. Mo ti bá igi kan níbẹ̀ tó nà bí òpó, tí ewé rẹ̀ sì kúrú. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má fi tipátipá kà á mọ́ ọ̀kan: ẹ kọ "àdàlù" síwájú rẹ̀, kí ẹ kọjá sí èkejì.