Agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fawọ dì lẹ́nu: àwọn àṣìṣe tẹ́ ò gbọdọ̀ ṣe

Remembrance Sunday, ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n fi ń rántí àwọn tó kú sójú ogun, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fa agogo tí wọ́n dì lẹ́nu, inú oṣù kọkànlá, òtútù ń gé wa létí nínú ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì abúlé tí mo ń lọ ní England níbí, èmi náà sì ti ń gbéra ga pé ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń fa okùn, kí ló tún kù. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí mo fi dà á rú fún gbogbo wọn. Ohun tí mo ṣe yẹn, ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ ló ń ṣe é, ẹ jẹ́ n yáa sọ ọ́.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀, agogo tiwọn yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n so kọ́ kan tí wọ́n ń fi òòlù lù o. Ara wíìlì ńlá ló wà, tẹ́ ẹ bá fa okùn, agogo á yí po tán pátá, ẹnu ẹ̀ á tún padà kọjú sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ẹ ó fa sally, ìyẹn ibi tí wọ́n fi òwú àgùntàn aláwọ̀ hun mọ́ okùn, handstroke nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kejì ẹ ó fa ìdí okùn, backstroke nìyẹn. Ẹnì kan, agogo kan. Treble ló kéré jù, tenor ló tóbi jù, ẹ fi wé omele àti ìyá ìlù. Tí wọ́n bá ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n á fi bẹ́líìtì de awọ nípọn kan tó ń jẹ́ muffle mọ́ ahọ́n agogo. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ahọ́n náà ni wọ́n dì, gbogbo agogo á dún ketekete lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá tún un dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi pé abúlé òdìkejì odò ló ń dáhùn.

Àṣìṣe tó burú jù ni kẹ́ ẹ máa fi etí wá agogo yín. Lọ́jọ́ tó kù, etí lẹ fi ń mọ̀ bóyá tiyín yá jù àbí ó pẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ti dì í, tó bá kan backstroke, “dùm” kékeré kan lẹ máa gbọ́, ẹ ò sì ní mọ ti ta ni. Èmi rò pé agogo mi ò dún rárá, mo bá fi gbogbo agbára fà á. Gbàà! Ó lọ gbá stay lókè, ìyẹn igi tó ń dá a dúró. Orí ló kó mi yọ pé kò ṣẹ́, torí tó bá ṣẹ́, okùn á sá lọ sókè, ẹni tó bá dì í mú á bá a lọ. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ ju okùn sílẹ̀ kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn, ẹ má ṣe akin níbẹ̀ jàre.

Muffle ò mú kí agogo wúwo sí i, ohùn ló gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń fà á tẹ́lẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ fà á. Ẹ wo okùn tó wálẹ̀ ṣáájú tiyín, kẹ́ ẹ tẹ̀lé e, kí ọwọ́ yín gba ìwọ̀n lára handstroke kó sì gbé e lọ sí backstroke. Ẹni tó bá ti ta omele rí láàárín ariwo òde àríyá, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé e. Ní ọ̀pọ̀ ilé agogo wọ́n tún máa ń mí díẹ̀ lẹ́yìn backstroke, bí ìwọ̀n ìlù ẹyọ kan, kí treble tó gbéra, ibẹ̀ gan-an ni treble ti máa ń sáré jù torí kò gbọ́ ìgbà tí tenor parí.

Ẹ má gòkè lọ de muffle nígbà tí ẹnu agogo ṣì wà lókè. Kò sí àwàdà níbẹ̀, ẹ lè ṣèèṣì fọwọ́ kàn án kí nǹkan tó tó ààbọ̀ tọ́ọ̀nù já wálẹ̀ lù yín. Ẹ kọ́kọ́ rọ gbogbo wọn sílẹ̀, kí ẹnu wọn kọjú sísàlẹ̀. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi agogo dídì sin ọdún tó ń lọ lálẹ́ December 31, tẹ́ ẹ fẹ́ kó dún gbangba tí aago méjìlá bá lù, ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa láti rọ̀ ọ́, tú u, kẹ́ ẹ tún fà á padà sókè.

Ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ máa dì náà ńkọ́? Backstroke ni wọ́n sábà máa ń dì. Lọ́dún kan ẹnì kan dè é sódì lára agogo kẹrin wa, láàárín ìró ketekete ihò kan wà, nígbà tí ìró wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ dé, òun nìkan ló ń pariwo bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú. “Stand!” ni olórí wa ké, gbogbo wa dúró. Ẹ kọ nọ́mbà agogo sára muffle kọ̀ọ̀kan torí ahọ́n wọn ò tóbi dọ́gba, tẹ́ ẹ bá dè é tán ẹ fi ọwọ́ yí i wò, tó bá ń yí, kò tíì le tó.

Ẹ má sì di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún gbogbo òkú. Ní àṣà wọn, ti ọba, bíṣọ́ọ̀bù àgbègbè yẹn àti vicar, ìyẹn àlùfáà ìjọ, tó wà lórí oyè nìyẹn. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wàjà ní September 8, 2022, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ní kí wọ́n dì, àfi backstroke tenor tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé agogo ni ò sì ní muffle tó tó. Lọ́jọ́ ìsìnkú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni tenor Westminster Abbey dún, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, ìró kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó lò láyé.

Ẹ rántí tú u o, torí ìyàwó ọ̀ṣìngín á fẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé.

Èyí tó kù, ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é: mi ò jáde síta gbọ́ ọ rí. Nínú ilé agogo, ariwo okùn àti èémí èèyàn lẹ ń gbọ́. November tó kọjá mo fi okùn mi lé ẹlòmíì lọ́wọ́, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró láàárín àwọn ibojì. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún un sọ láti ọ̀nà jíjìn, obìnrin kan tó ń fa ajá kọjá dúró, ajá náà jókòó. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣí fìlà lórí. Wọ́n ń pè mí látòkè pé èmi ló kàn, mi ò dáhùn.