Má Tíì Wa Ata Ilẹ̀ Pupa Rẹ: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbin ata ilẹ̀ pupa sí ẹ̀yìnkùlé wa l'Óṣogbo, oṣù Kẹsàn-án ni mo ti wa á. Owó iléèwé ọmọ ló ń lé mi. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ kan lọ sí Ọjà Ọba. Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan ṣẹ́ ẹyọ kan sí méjì, ó wo inú rẹ̀, ó ní: "Ọmọ ọwọ́ lo já gbà lẹ́yìn ìyá ẹ̀ yìí." Pupa rẹ̀ kò tíì jinlẹ̀, omi ló kún inú rẹ̀. Mo gbé e padà wálé, mo gé e sá. Kílò márùn-ún tútù kò fún mi ní odindi kílò kan.

Kàlẹ́ńdà kọ́ ni ká máa wò, ewé ni. Èyí tí a gbìn lóṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún máa ń gba oṣù méje sí mẹ́sàn-án. Tí ewé bá ti pọ́n, tó gbẹ, tó wó lulẹ̀, oúnjẹ orí rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sínú iṣu nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ó sábà máa ń bọ́ sí ìgbà ọyẹ́.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa fi sílẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi kàn án, kí owó lè gòkè. Bó bá ti hù, ọ̀mùnú yẹn ló ń jẹ ohun tí ẹ fẹ́ tà. Àwọn ará Ṣáínà mọ èyí dáadáa nípa tianma, iṣu orchid inú igbó tí wọ́n fi ń ṣe oògùn orí fífọ́ àti òòyì. Èyí tí wọ́n wa nígbà òtútù, kí igi rẹ̀ tó yọ, máa ń le, ó sì máa ń wúwo. Ti ìgbà tí igi ti yọ, inú rẹ̀ á ṣófo, á sì fúyẹ́. Ti òtútù ló níyì lọ́jà wọn.

Ẹ má sì fi ọkọ́ ṣá a o. Ojú ọgbẹ́ ni ìdíbàjẹ́ ti ń wọlé. Ẹni tó fẹ́ sá a, kó sè é kó rọ̀ díẹ̀ ná.

Lọ́dún kejì, mo dúró de ọyẹ́. Ìyá náà ṣẹ́ ẹyọ kan, kò sọ̀rọ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ tó ti pọ́n ló fi ń ka owó fún mi.