Láti Láàbù Bọ́ Sídìí Dìsáìnì Orí Ẹ̀rọ: Ọ̀nà Tí Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Lè Gbà n'Íbàdàn

Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan nínú láàbù ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn UCH tàbí ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, tó wá fẹ́ máa ṣe dìsáìnì áàpù àti ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, sábà máa ń rò pé òun gbọ́dọ̀ da gbogbo ohun tí òun kọ́ nù kí òun tó lè bẹ̀rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí rárá. Ó ti mọ bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè, bí a ṣe ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìṣe ojúsàájú, àti bí a ṣe ń kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀, apá yìí gan-an ló sì máa ń ṣòro jù fún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti orí yíya àwòrán.

Ẹ má tíì fi iṣẹ́ tó ń mówó wọlé sílẹ̀. Ẹ máa fi alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ kọ́ Figma, ohun èlò tí a fi ń ya dìsáìnì áàpù àti ojú ewé, nítorí inú browser ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ẹ̀yà ọ̀fẹ́ tó tó olùbẹ̀rẹ̀ lò. Nítorí ọ̀rọ̀ iná, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ẹ parí ti tó.

Ibi tó yẹ kí á dúró sí pẹ́ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ó fi han agbanisíṣẹ́. Inú ohun tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ ti mú un. Ká ní láàbù ilé ìwòsàn ni ẹ wà, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìjẹun gbọ́dọ̀ ti wà láìjẹun fún wákàtí 8, ó kéré tán. Ẹ sì mọ bí ó ṣe máa ń rí: ìyá kan á ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, á tò sórí ìlà, wọn á sì ní kí ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ya ojú fóònù kan tí yóò sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé, «Ẹ má jẹun mọ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́ òní, omi nìkan ni kí ẹ mu», kí ó má baà jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣírò wákàtí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ọjà Bódìjà lọ́sàn-án, kí ẹ fi han èèyàn márùn-ún, iye tí Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí ohun èlò ṣe rọrùn láti lò, sọ ní 2000 pé ó tó láti tú èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe dìsáìnì síta. Ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹ kàn béèrè pé, «Ẹ jọ̀ọ́ mà, aago mélòó ni ẹ máa jẹun kẹ́yìn?» kí ẹ sì dákẹ́, kí ẹ máa kọ ibi tí wọ́n tẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ṣiyèméjì. Oòrùn yóò fi hàn yín pé lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun kò ṣeé kà. Ìdí nìyí tí WCAG, ìlànà tó wà kí gbogbo èèyàn lè lo ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, fi béèrè pé kí ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ lẹ́tà kékeré àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1.

Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì tó pé. Lẹ́tà bíi «ẹ̀» àti «ọ́», tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà. Ṣe ni a ń to àmì mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì sì máa ń gbé àmì náà síbi tí kò yẹ. Fọ́ǹtì Noto Sans gbé e dáadáa. Ẹ tún fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà kí àmì má baà kan ara wọn.

Bí ẹ bá ń kọ ìtàn iṣẹ́ náà sínú portfolio, àkójọ iṣẹ́ tí ẹ ó fi han agbanisíṣẹ́, ẹ kọ ọ́ bí ìròyìn láàbù: ìbéèrè, ọ̀nà tí ẹ gbà, ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ yí padà. Ẹ má fi orúkọ aláìsàn tàbí fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn hàn láìgba àṣẹ.

Àwọn oníbàárà àkọ́kọ́ kò jìnnà: àwọn olùwádìí tí ẹ ti mọ̀ nílò pósítà ìpàdé àti àwòrán fún ìwé ìwádìí wọn, ẹ̀yin sì lóye ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ ó ṣe àtúnṣe sílẹ̀, kí ẹ sì gba ìdajì owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.