Bí mo ṣe tẹ̀lé odò Coon Creek láti ẹnu rẹ̀ dé orí òkè

Iṣẹ́ tí mo gbé ka iwájú ara mi ni pé kí n tẹ̀lé odò kékeré kan láti ibi tó ti ń wọ inú odò ńlá títí dé ibi tó ti ń sun, kí n sì ya àfonífojì rẹ̀ àti àwọn ìlú kéékèèké tó wà létí rẹ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo. Coon Creek ni odò náà. Ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ló wà, inú odò Mississippi ló sì ń dà sí. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe é, nínú oṣù Kẹsàn-án, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

Ìdí tí mo fi mú odò yìí ni pé ibẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ gbìyànjú, lọ́dún 1933, láti gba ilẹ̀ odindi àfonífojì kan là lọ́wọ́ ọ̀gbàrá. Mo ti kà nípa rẹ̀ tó. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tó ṣẹ́kù.

Ẹrù mi kò pọ̀: máàpù tó fi gíga òkè hàn, téèpù, bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, òṣùwọ̀n ìgbóná omi, pẹ́ńsùlù àti ìwé. Ohun tó gba ìrònú jù ni ọ̀nà tí mo máa gbà wọlé. Ní Wisconsin, gbogbo ènìyàn ló ni omi odò tí ọkọ̀ kékeré bá lè gbà kọjá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀tún àti tòsì ní ẹni tó ni ín. Tí o bá gba abẹ́ afárá wọ inú omi, tí ẹsẹ̀ rẹ kò sì kúrò nínú omi, kò sẹ́ni tó lè lé ọ. Bí o bá ti gun bèbè báyìí, oko olóko lo wà yẹn. Nítorí náà, mo fi pẹ́ńsùlù yí gbogbo afárá orí máàpù ká, mo sì fi wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà mi. Níbi tí mo bá ti fẹ́ gun òkè, mo lọ kan ilẹ̀kùn kí n tó gùn ún. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní rárá.

Ìmọ̀ràn kan fún ẹni tó bá fẹ́ ya odò: kọjú sí ibi tí omi ń lọ. Apá ọ̀tún rẹ ni bèbè ọ̀tún, ìbáà jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìsàlẹ̀ lo ti ń gun bọ̀ bíi tèmi. Mo gbàgbé èyí ní wákàtí àkọ́kọ́, ojú ìwé mẹ́ta ni mo sì tún yà.

Ìlú Stoddard, ní ẹnu odò, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn lè retí pé kí ẹnu odò hàn kedere, ṣùgbọ́n ti ibí kò rí bẹ́ẹ̀. Dáàmù ńlá kan wà ní Genoa nísàlẹ̀ Mississippi tó mú kí odò náà fẹ̀ bí ọ̀sà, Coon Creek sì kàn ń poora sínú àbàtà àti koríko ni. Mo ya ibi tí mo lè dé, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo bọ́ sí ọ̀nà 162 tó ń bá odò rìn lọ sí Chaseburg.

Àárín Stoddard àti Chaseburg ni mo ti rí ohun tó sọ iṣẹ́ yìí di nǹkan mìíràn lójú mi. Mo gba abẹ́ afárá kan wọ inú omi, mo rìn díẹ̀, mo yà níbi tí odò ti kọ igun. Bèbè tó wà níbẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri, omi ti gé e bí ẹni fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá omi, erùpẹ̀ dúdú kan wà níbẹ̀, ó dúdú bí èédú, ó sì dì mọ́ra. Mo fọwọ́ bù ú, ó rọ̀, ó ní òórùn ewé jíjẹrà. Lókè rẹ̀ ni erùpẹ̀ pupa rúsúrúsú wà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ara wọn bí ojú ìwé: iyanrìn, ẹrẹ̀, iyanrìn, ẹrẹ̀. Ààlà tó wà láàárín méjèèjì mú ṣáṣá débi pé mo lè fi èékánná tẹ̀lé e. Mo na téèpù: mítà 1.3 ni erùpẹ̀ pupa náà.

Dúdú ìsàlẹ̀ yẹn ni ojú ilẹ̀ àfonífojì yìí nígbà tí àwọn Ho-Chunk, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ṣì ni ilẹ̀ náà, kí àwọn àgbẹ̀ láti Nọ́wè àti Jámánì tó dé láàárín ọdún 1800 sí 1900. Gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀, orí òkè ló ti ṣí wá. Oko àwọn ènìyàn ni. Mo dúró sínú omi fún ìgbà pípẹ́, mò ń wo oko tó ṣí kúrò lórí òkè tó sì wá di ògiri níwájú mi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé. Òkè ibí ga, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí pé òkìtì yìnyín ayé àtijọ́ tó tẹ́ ilẹ̀ àdúgbò tó yí wọn ká pẹrẹsẹ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn àgbẹ̀ kọ ebè láti òkè wá sísàlẹ̀, wọ́n kó màlúù wọ inú igbó orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, màlúù jẹ gbogbo ohun tí ì bá di ilẹ̀ mú. Òjò ṣe ìyókù. Yorùbá ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní Coon Creek, fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, onílé kò mọ bí a ṣe ń kọ̀ fún un.

Lọ́dún 1933, ọ̀gá onímọ̀ ilẹ̀ kan, Hugh Hammond Bennett, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí ẹ̀ka tuntun tó ń gbógun ti ọ̀gbàrá, yan àfonífojì yìí gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń wọ odò yìí tó 92,000 éékà. Àwọn àgbẹ̀ 418 ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún: kí wọ́n kó màlúù kúrò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ebè wọn máa yí òkè po dípò kó dà sísàlẹ̀, kí àgbàdo àti koríko ẹran máa tẹ̀lé ara wọn ní ìlà ìlà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba kó jọ sínú àgọ́ ló bá wọn gbin igi, tí wọ́n sì dí kòtò ọ̀gbàrá. Èmi kì í tètè yin ètò ìjọba, ṣùgbọ́n mo yin eléyìí. Ìdí ni pé wọn kò lọ kọ́ ògiri sétí odò. Orí òkè ni wọ́n lọ, níbi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Stanley Trimble, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ẹrẹ̀ àfonífojì yìí, kọ ọ́ lọ́dún 1999 pé ẹrẹ̀ tó ń dúró sílẹ̀ nínú rẹ̀ kò ju ìdá 6 nínú 100 lọ mọ́ sí ti àwọn ọdún 1930.

Chaseburg kéré, mo ya á kíákíá, mo kọjá. Mo sùn ní Coon Valley. Nínú ìlú mẹ́ta tí mo ti dárúkọ, kò sí èyí tó pé 1,000 ènìyàn. Ní Coon Valley, òkúta ìrántí kan wà lẹ́bàá títì tó ń sọ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan tó ń gbá iwájú ilé rẹ̀ rí mi tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ nípa ọdún 2018. Mo ní mo gbọ́ díẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ara ilé rẹ̀, ó ga dé èjìká rẹ̀: "Ibí ni omi dúró sí."

Òru ọjọ́ 27 sí 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2018 ni. Òjò tó rọ̀ ju ínǹṣì 10 lọ ní àwọn ibì kan. Dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ mẹ́ta tó wà nínú àwọn àfonífojì kéékèèké lókè Coon Creek ló já, méjì mìíràn sì já lápá odò Kickapoo lẹ́yìn òkè. Kì í ṣe yẹ̀pẹ̀ dáàmù ló yẹ̀. Ibi tí yẹ̀pẹ̀ ti fara kan òkúta òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni omi gbà kọjá, nítorí òkúta náà ti sán, ó ní ihò tóóró tóóró nínú. Ìyá náà kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ fún mi ni pé láti ìgbà náà, àwọn ará orí òkè àti àwọn ará ìsàlẹ̀ ti ń pàdé pọ̀, wọ́n sì ti dá ìgbìmọ̀ odò sílẹ̀ láàárín ara wọn.

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ̀lé ẹsẹ̀ odò tí wọ́n ń pè ní Timber Coulee. Inú mi dùn níbẹ̀. Omi mọ́ gaara, ìsun ń tú jáde lábẹ́ òkúta, òṣùwọ̀n mi fi ìwọ̀n 10 Celsius hàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń mú lókè. Òtútù yẹn ni ẹja trout fẹ́, mo sì rí wọn, wọ́n kọjú sí omi, wọ́n dúró gbọn-in bí ẹni ń ronú. Mo wọn mítà 10 lójú omi, mo ju ẹ̀ka igi sí i, ìṣẹ́jú àáyá 14 ló fi rìn ín. Ojú omi máa ń yára ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà mo sọ ọ́ di ìlọ́po 0.85. Ó fi díẹ̀ lé ní 0.6 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bàbá àgbẹ̀ kan gbà mí láyè láti gba oko rẹ̀ gun òkè. Mo ṣàlàyé ohun tí mò ń ṣe, mo fi ìwé hàn án. Ó tọ́ka sí ọgbà wáyà kan létí odò, òpó rẹ̀ kò ju orúnkún lọ.

"Òpó yẹn ga tó èmi nígbà tí bàbá mi rì í," ó ní. "Òmíràn sì tún wà lábẹ́ rẹ̀, ti bàbá bàbá mi."

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn kò fi yọ wọ́n. Ó ní kí ló kù tí a óò yọ.

Lọ́sàn-án ni mo dé orí òkè, lápá ìlú Westby. Láti ibẹ̀, ìlà tí àwọn àgbẹ̀ 1933 bẹ̀rẹ̀ ṣì hàn lórí ọ̀pọ̀ oko: àgbàdo tó ti ń pọ́n, koríko tútù, àgbàdo, koríko, wọ́n yí òkè po bí ìgbà tí a fi òwú aláwọ̀ méjì wé e. Àwọn ibì kan wà tí ìlà náà ti parẹ́, tí oko kan ṣoṣo gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi pẹ́ńsùlù pupa sàmì sí wọn. Ọkàn mi bàjẹ́ sí i, nítorí mo ti na téèpù mọ́ ohun tí irú oko bẹ́ẹ̀ ń di.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún àwòrán náà yà dáadáa. Mo fi odò sí àárín, ìlú sí etí rẹ̀, dáàmù mẹ́ta tó já, àwọn ìsun, àti bèbè tí mo wọ̀n. Bàbá àgbẹ̀ náà ti bẹ̀ mí pé kí n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́, mo sì fi ránṣẹ́. Ó pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ kẹfà. Ó ní àwòrán náà dára, àmọ́ mo fi ìsun rẹ̀ sí ìhà tí kò tọ́ lójú ọ̀nà: apá òkè ló wà, lábẹ́ igi walnut, kò sí nísàlẹ̀. Mo ti pa èyí tí mo yà tẹ́lẹ̀ rẹ́, mo ti yà á sí apá òkè, mo sì fi igi náà sí i.