Láti Leipzig dé Baden: Bí a ṣe fi kámpà tọ ipa omi ìwòsàn àti orin

Ìrìn àjò tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Leipzig ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ó gba Bayreuth kọjá sí àwọn ìlú omi ìwòsàn mẹ́ta tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Czech, ó sì parí sí Baden, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Vienna ní Austria. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni a jọ rìn ín. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń tẹ dùùrù ní ìjọ Áńgílíkà kan n'Ìbàdàn kí wọ́n tó kó lọ sí Leipzig. Èmi ń kọ báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ohun tí a fẹ́ fi ojú ara wa rí ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé àwọn tó kọ orin tí a ń kọ nínú ìjọ kì í pẹ́ jìnnà sí ibi tí omi ìwòsàn ti ń sun jáde láti inú ilẹ̀.

Ìdí náà kò ṣòro nígbà tí a dé ibẹ̀. Láyé ìgbà tí oògùn òyìnbó kò tíì pọ̀, dókítà a máa sọ fún aláìsàn pé kí ó lọ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan létí ìsun omi, kí ó máa mu ún ní kùtùkùtù, kí ó máa wẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì máa rìn láàárín ife kan sí òmíràn. Àwọn ọba, ìjòyè àti oníṣòwò ńlá a wá kóra jọ síbẹ̀, owó lápò wọn, ọwọ́ wọn dilẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibi tí irú wọn bá gbé jókòó ni olórin ń forí lé, bí ó ti rí nílé wa náà nìyẹn. Ní ọdún 2021, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ 11 láti orílẹ̀-èdè méje sínú àkójọ ogún àgbáyé, mẹ́rin nínú wọn sì wà lójú ọ̀nà tí a tọ̀.

Kámpà ni a yàn nítorí pé àwọn ìlú yìí kò fẹ́ ìkánjú, ẹni tí ibùsùn rẹ̀ bá sì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ lè dúró sí ibi tó bá wù ú. Leipzig ni a ti yá a. Ìwé ìwakọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán, èyí tí wọ́n ń pè ní B, kò gbà ju ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 3,500 kílò lọ, àti ẹrù àti èrò inú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo èyí, nítorí kámpà tó ṣófo gan-an ti wúwo, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan, tó fi jẹ́ pé táńkì tó gba 100 lítà ti fi 100 kílò kún ẹrù ọkọ̀. Ìwọ̀nba omi tí a ó fi fọwọ́ àti èyí tí a ó fi se oúnjẹ ni a ń bù kí a tó gbéra. Nígbà tí a bá dé ibùdó ni a ń bu èyí tó kù. A máa ń ti sílíńdà gáàsì pa kí ọkọ̀ tó ṣí. Àpótí ìgbọ̀nsẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń dà á sí ní ibùdó kámpà, kò sì sí ibòmíràn tí ó yẹ kí a dà á sí.

Ti ìwé àti owó ọ̀nà náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, ẹyọ kan náà sì gba orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jámánì kì í gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ irú ọkọ̀ yìí, ṣùgbọ́n Leipzig àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ń béèrè àmì aláwọ̀ ewé tó fi hàn pé èéfín ọkọ̀ náà kò pọ̀ jù; kí ẹni tó ń yá ọkọ̀ yẹ gíláàsì iwájú wò fún un. Ní Czech, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti san owó ọ̀nà márosẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n sì fi ń dá ẹni tó san án mọ̀. A san ti Austria bákan náà. Ní Czech, iná iwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa tàn lọ́sàn-án àti lóru, awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ fi ọtí kan ẹnu rárá.

Ní Leipzig, ìjọ Thomas Mímọ́ ni a kọ́kọ́ lọ. Johann Sebastian Bach ṣe olùdarí orin níbẹ̀ láti 1723 títí ó fi kú ní 1750, ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọkùnrin ìjọ náà sì ti wà láti 1212. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní aago mẹ́fà àti ọ̀sán Sátidé ní aago mẹ́ta ni wọ́n ń kọrin, owó ìwé ètò tí a rà láti fi wọlé kò sì tó owó oúnjẹ kan. Sàréè Bach wà níwájú pẹpẹ, níbi tí wọ́n gbé egungun rẹ̀ wá ní 1950. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ sára idẹ tó bò ó. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀ pẹ́. Wọ́n ní, "Àbúrò, orin ẹni yìí ni wọ́n fi kọ́ ẹsẹ̀ mi ní ìrìn lórí dùùrù." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí T. K. E. Phillips ń darí orin ní kàtídírà Marina l'Ékòó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọ́ dùùrù, ọ̀pọ̀ atẹdùùrù ilẹ̀ wa lónìí sì jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ àwọn tó jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ wọn. Níta, ère Bach tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1908 ní àpò aṣọ òsì tó yọ síta, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn ará ìlú ní ó ń fi hàn pé owó oṣù rẹ̀ kò tó o.

Bayreuth ni ìlú orin kejì. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n mọ́ ilé ìṣeré tí Richard Wagner, tó kọ orin ọ́pẹ́rà (eré tí wọ́n ń fi orin ṣe), kọ́ sórí òkè, tí wọ́n ṣí ní 1876, níbi tí àwọn onílù àti onífèrè ti ń jókòó sábẹ́ pèpéle tí ojú òǹwòran kò ní rí wọn. Níbẹ̀ ni Grace Bumbry, ọmọ adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti kọrin ní 1961, èyí tí adúláwọ̀ kankan kò tíì ṣe ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, lójú tèmi, ilé ọ́pẹ́rà àtijọ́ tó wà láàárín ìlú ló tọ́ sí ọjọ́ tí a lò níbẹ̀. Wilhelmine, ìyàwó olórí ìlú náà, tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ orin, ló jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní 1748. Igi ni gbogbo inú rẹ̀, wọ́n fi wúrà àti ọ̀dà yà á láti ilẹ̀ dé òrùlé.

Láti ibẹ̀, a kọjá sí Czech, a sì dé Františkovy Lázně, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1793 tí gbogbo ilé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò. Ìlú tó dákẹ́ ni, ó sì dára fún àgbàlagbà. A sùn níbẹ̀, a sì tẹ̀síwájú.

Mariánské Lázně ni mo fẹ́ràn jù lọ. Igbó yí i ká, omi rẹ̀ sì tutù nini, kò dà bí ti Karlovy Vary, ìlú omi ìwòsàn kẹta tí a lọ lẹ́yìn rẹ̀. Irin pọ̀ nínú omi àwọn kan lára ìsun rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gbé e mì yóò rò pé òun ti fi ahọ́n lá ojú àdá. Fryderyk Chopin, tó kọ orin dùùrù, wá síbẹ̀ ní 1836 láti rí Maria Wodzińska, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣe aya tí kò sì ṣeé ṣe. Ilé tó dé sí ti di ilé ìrántí rẹ̀. Ọba Edward Keje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà a máa wá síbẹ̀ léraléra. Níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn onírin tí wọ́n kọ́ ní 1889 ni orísun omi tó ń kọrin wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1986: ní aago méje àárọ̀, mẹ́sàn-án, mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ lọ títí alẹ́, orin kan a dún, omi a sì máa gòkè sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, torí pé ẹ̀rọ ló ń kọrin níbẹ̀. Èmi rí i pé àwọn arúgbó tó jókòó yí i ká, tí ife omi wà lọ́wọ́ wọn, ń ṣe ohun kan náà tí àwọn bàbá ńlá wọn ṣe: wọ́n ń mu omi, wọ́n ń gbọ́ orin.

Ọ̀nà tó ti ibẹ̀ lọ sí Karlovy Vary gba inú igbó Slavkov, ó rí kọ́lọkọ̀lọ, ó sì yẹ kí kámpà rọra rìn ín. Wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ wọ àárín ìlú omi náà bó ṣe wù wọ́n, nítorí náà Březová, lẹ́bàá odò Teplá, ni a gbé ọkọ̀ sí, a sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ ìlú. Ìsun tó tóbi jù níbẹ̀ ni Vřídlo: omi tó gbóná tó ìwọ̀n 73 lórí Celsius a máa tú jáde fúnra rẹ̀, a sì máa ga tó mítà 12. Omi gbígbóná kò ṣàjèjì sí wa, a ní Ìkógòsì l'Ékìtì, ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ènìyàn lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Ti Vřídlo lè bó ni lára. Ife tí wọ́n fi ń mu omi yìí yẹ fún àkíyèsí. Tánganran ni, ó pẹlẹbẹ, inú ọwọ́ tí a fi ń dì í mú ṣófo, òkè ọwọ́ náà sì ní ẹnu tóóró tí a ti ń fa omi. Bí omi bá ti ń gba inú ọwọ́ yẹn kọjá, yóò tutù díẹ̀ kí ó tó kan ahọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mu tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀." Iyọ̀ hàn gbangba lẹ́nu wa. A mu ún bí wọ́n ti ń mu ún, a ń rìn lábẹ́ òpó 124 tó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mlýnská dúró, iṣẹ́ ọwọ́ Josef Zítek tí wọ́n parí ní 1881.

Ìtàn orin ìlú yìí ni ó wọ̀ mí lára jù. Bach tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀, Ọmọ Ọba Leopold ti Köthen, wá síbẹ̀ ní 1718 àti ní 1720, nítorí pé nígbà tí ọlọ́lá bá lọ mu omi, a máa kó àwọn olórin rẹ̀ dání. Ní ìgbà kejì yẹn, nígbà tí Bach padà délé, wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, Maria Barbara. Kò gbọ́ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà. Beethoven náà wà ní Karlovy Vary ní August 1812, nígbà tí ìròyìn dé pé iná ti jó ìlú Baden, níwájú Vienna. Òun àti Polledro, tó ń ta fàólì (violin), kó àwọn tó wá mu omi jọ, wọ́n ṣeré fún wọn, wọ́n sì fi owó tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí àwọn tí ilé wọn jóná. Nítorí ìtàn yìí ni a ṣe fi Baden ṣe òpin ọ̀nà wa.

A kò pẹ́ ní Prague, ju pé a lọ wo ilé ìṣeré tí Mozart ti kọ́kọ́ gbé ọ́pẹ́rà rẹ̀, Don Giovanni, jáde ní 1787. A gba Brno àti Mikulov wọ Austria.

Ní Baden, òórùn imí ọjọ́ ni yóò kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, a sì wẹ̀ nínú rẹ̀ dáadáa. Beethoven lo ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀, ilé tó gbé ní Rathausgasse, níbi tó ti kọ lára orin Symphony kẹsàn-án, ṣí sílẹ̀ fún àlejò. Ṣùgbọ́n ìjọ Stephan Mímọ́ ni a wá. Ní June 1791, Constanze, ìyàwó Mozart, ń gba ìtọ́jú omi ní Baden. Anton Stoll, olùdarí akọrin ìjọ yìí, sì ń ran ìdílé náà lọ́wọ́. Mozart kọ Ave verum corpus fún un, orin tí kò ju ìlà-ìwọ̀n 46 lọ, oṣù mẹ́fà kí òun fúnra rẹ̀ tó kú. Ó fi í mọ sí ohun tí akọrin ìlú kékeré lè kọ, ìdí nìyẹn tí akọrin ìjọ tiwa náà fi lè kọ ọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ níbẹ̀, tẹ́nọ̀ àti báàsì, torí kò sí ẹlòmíràn nínú ìjọ.

Ẹni tó bá fẹ́ wo Vienna, kí ó fi kámpà sílẹ̀ ní Baden, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin Badner Bahn, tí yóò gbé e dé iwájú ilé ọ́pẹ́rà. Ní ti àkókò, May tàbí September ni mo dámọ̀ràn. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn akọrin Leipzig máa ń wà ní ìsinmi ilé ìwé, àjọ̀dún fíìmù a kún Karlovy Vary ní July, àjọ̀dún Wagner a sì kún Bayreuth láti ìparí July. Nígbà òtútù, orísun tó ń kọrin kì í ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ibùdó kámpà a sì ti ilẹ̀kùn.