Bí A Ṣe Ń Fi Kádíbọ́ọ̀dù Mẹ́rin Kọ́ni ní Ìtàn Òṣèlú Tọ́kì, Ìránì àti Ilẹ̀ Lárúbáwá

Fún ọmọ Èkó, Martins Street ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, 1894, nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí tí Mohammed Shitta kọ́ síbẹ̀, Abdullah Quilliam wá láti Liverpool, ó ṣojú Sultan Abdul Hamid Kejì, ó sì gbé oyè Bey tí Sultan fi ránṣẹ́ lé baba náà lọ́wọ́. Oyè ìjọba Ottoman ni, ìjọba ńlá àwọn ará Tọ́kì nígbà náà. Ní ọjọ́ yẹn, Sultan kan náà ló ń jọba lórí Damascus, Baghdad àti Jerúsálẹ́mù, òun náà ni wọ́n sì ń pè ní kálífà, olórí àwọn Mùsùlùmí. Nígbà tí yóò fi pé ọgbọ̀n ọdún, kò sí sultan mọ́, kò sí kálífà mọ́. Àtẹ tí a fẹ́ ṣe yìí yóò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú rí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó dára fún ilé-kéwú, fún kíláàsì girama, àti fún ẹgbẹ́ àsàláátù.

Ẹ ra kádíbọ́ọ̀dù ńlá mẹ́rin, èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 56 tó sì gùn ní 71. Ṣómólú, láàárín àwọn atẹ̀wé, ni ẹ ti máa rí i tó nípọn. Èyí tó fẹ́lẹ́ máa ń ká kò bí mákà bá ti wọ inú rẹ̀. Ẹ fi rúlà gígùn kan, pẹ́ńsùlù, òwú dúdú àti mákà mẹ́rin kún un: pupa fún Tọ́kì, búlúù fún Ìránì, aláwọ̀ ewé fún Lárúbáwá, dúdú fún tiwa.

Ẹ mú mẹ́ta nínú kádíbọ́ọ̀dù náà, kí ẹ fa ìlà sí gígùn wọn. Lókè pátápátá, sẹ̀ǹtímítà 6 fún ọdún. Lẹ́yìn náà 15 fún Tọ́kì, 15 fún Ìránì, 15 fún Lárúbáwá. Sẹ̀ǹtímítà 5 tó kù nísàlẹ̀ jẹ́ ìlà tiwa. Ọdún mẹ́wàá gba sẹ̀ǹtímítà 14, àádọ́ta ọdún wá gba 70. Nítorí náà, kádíbọ́ọ̀dù kìíní lọ láti 1875 dé 1925, ìkejì láti 1925 dé 1975, ìkẹta láti 1975 dé 2025. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọdún kan bọ́ sí, ẹ yọ ọdún ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sọ èyí tó kù di ìlọ́po 1.4. Bí a bá yọ 1875 nínú 1894, ó ku 19. Ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 26.6. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey sí, nínú ìlà tiwa, kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín da ìlà mẹ́ta òkè pọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a máa pe gbogbo wọn ní Lárúbáwá. Èdè Tọ́kì, èdè Páṣíà àti èdè Lárúbáwá kò bá ara wọn tan. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá wà lábẹ́ Ottoman títí di 1918, ṣùgbọ́n ìjọba Ìránì dá dúró lọ́tọ̀, ìdílé Qajar ló sì wà lórí oyè níbẹ̀ títí di 1925.

Ọdún tí ẹ óò fi dán àtẹ wò ni 1908, ní sẹ̀ǹtímítà 46.2. Ẹ fi rúlà fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, epo rọ̀bì tú jáde ní Masjed Soleyman ní Ìránì. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, Mohammad Ali Shah, ọba (Ṣáà) Ìránì, ní kí wọ́n yìnbọn ńlá lu ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Tehran, ìgbìmọ̀ tí àwọn ará ìlú fi ìjà gbà ní 1906. Oṣù kan péré lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀gá ọmọ ogun Ottoman fipá mú Abdul Hamid dá òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1876 padà, èyí tí ó ti gbé tì ní 1878. Nínú ìlà Lárúbáwá, reluwé láti Damascus dé Medina lọ́dún náà. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé: kí ló dé tí òfin fi kú ní Tehran tó sì jí ní Istanbul láàárín oṣù kan? Ẹ fún ìbéèrè yìí ní odindi ọjọ́ kan. Ọwọ́ ta ni ọmọ ogun wà? Ní Tehran, Ṣáà ló ní àwọn Kọ́sáákì, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tí ọ̀gá ará Rọ́ṣíà ń darí. Ní ti Ottoman, àwọn ọmọ ogun fúnra wọn ló fẹ́ òfin náà.

Bí ẹ bá dé 1918, àyè kò ní gbà yín mọ́. Iṣẹ́ kádíbọ́ọ̀dù kẹrin nìyẹn. Ẹ pín in sí ìlà bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1914 dé òpin 1924 nìkan, sẹ̀ǹtímítà 6 fún ọdún kan, ìdajì sẹ̀ǹtímítà fún oṣù kan. Oṣù Karùn-ún 1916: ìlú Ọba àti Faransé pín ilẹ̀ Lárúbáwá ní ìkọ̀kọ̀, àdéhùn Sykes-Picot, nígbà tí ìlú Ọba ṣì ń kọ lẹ́tà ìlérí òmìnira sí Hussein, aláṣẹ Mecca, láìpẹ́ ṣáájú. Ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá 1917: ìkéde Balfour, tí ìlú Ọba fi ṣèlérí ilé fún àwọn Júù ní Palẹsítínì. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 1918: Ottoman túúbá ní Mudros. Oṣù Kẹrin 1920 ni kí ẹ fi mákà yí po: láàárín ọ̀sẹ̀ tí ìlú Ọba àti Faransé ń pín Síríà àti Ìráàkì ní San Remo ní Ítálì, ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ti Tọ́kì jókòó ní Ankara ní ọjọ́ 23. Faransé lé Faisal, ọmọ Hussein, kúrò lórí oyè ní Damascus ní oṣù Keje. Ní oṣù Kẹjọ 1921, ìlú Ọba fi í jọba ní Ìráàkì. Ní oṣù Kejì 1921 kan náà, Reza Khan, ọ̀gá ọmọ ogun tó di Reza Shah lẹ́yìn náà, ti kó ọmọ ogun wọ Tehran. Oyè sultan parẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1922, Tọ́kì di orílẹ̀-èdè olómìnira ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 1923, oyè kálífà sì parẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1924.

Ní kádíbọ́ọ̀dù kejì, ẹ kọ́kọ́ kọ 1928, tí Tọ́kì fi lẹ́tà Lárúbáwá sílẹ̀ gba ABD, àti 1932 sí 1950, tí wọ́n ń fi èdè Tọ́kì pe ìrun. Ọmọ ilé-kéwú kì í gbàgbé èyí.

Òwú dúdú jẹ́ ti epo. Ẹ so ó mọ́ 1908 nínú ìlà Ìránì, kí ẹ fà á dé 1909 tí ilé-iṣẹ́ epo Anglo-Persian ti ìlú Ọba dìde, dé 1951 tí Mosaddegh, olórí ìjọba Ìránì, gba epo náà fún Ìránì, dé ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ 1953 tí Amẹ́ríkà àti ìlú Ọba lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe yọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ náà di British Petroleum ní 1954. Láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí òwú sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tiwa: Shell-BP kan epo ní Oloibiri ní 1956, Nàìjíríà sì gba ìpín BP ní 1979, ọdún tí Ṣáà sá kúrò ní Tehran. Òwú kan náà ni, kò já.

Kàlẹ́ńdà máa ń dani láàmú. Wọ́n ń pe ìṣọ̀tẹ̀ kan ní Istanbul ní "31 oṣù Kẹta" lórí kàlẹ́ńdà Ottoman, ṣùgbọ́n ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 1909 ni lórí kàlẹ́ńdà wa. Ìránì ń ka Híjírà pẹ̀lú oòrùn, kì í ṣe pẹ̀lú òṣùpá bí a ti ń kà á ní mọ́ṣáláṣí. Ìṣẹ́gun àwọn tó lé Ṣáà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì 1979, bọ́ sí 1357 ní tiwọn, 1399 ní ti òṣùpá. Láti yí ọdún Ìránì padà, ẹ fi 621 kún un. Láti oṣù Kìíní dé nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ẹ fi 622 kún un.

Orúkọ náà ń tan ènìyàn jẹ. Mustafa Kemal, ààrẹ àkọ́kọ́ Tọ́kì, kò tíì jẹ́ Atatürk ní 1923. 1934 ni wọ́n fún un lórúkọ yẹn. Reza Shah jọba dé 1941, ọmọ rẹ̀ Mohammad Reza ló jẹ dé 1979.

Ẹ má ṣe lo sẹ́lótéèpù láti gbé àtẹ náà kọ́. Ògiri ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń rin nígbà òjò, ilẹ̀ ni ẹ óò bá kádíbọ́ọ̀dù láàárọ̀. Ẹ lu ihò mẹ́ta sókè, kí ẹ fi okùn kọ́ ọ sára ìṣó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má kan ògiri.